Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹrù: Ọdún Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Mi Nídìí Iṣẹ́ Wolé-wolé ní Ìwó

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ohùn mi bá le, ẹ fara dà á. Inú ló ń bí mi, mi ò sì ní í fi pa mọ́. Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣílẹ̀kùn yàrá onílé, tó rí ohun tí wọ́n tì sábẹ́ ibùsùn, ohun tí wọ́n kó sókè àjà àti ohun tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí inú ò bá bí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò ríran dáadáa ni.

Sìdíkátù lorúkọ mi. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, Ìwó náà ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìyá Wolé-wolé ni àwọn aládùúgbò ń pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá wolé-wolé láyé, òṣìṣẹ́ kánsù ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa lọ láti ilé dé ilé. Á yẹ omi inú ìkòkò wò, á yẹ ṣálángá wò, á yẹ yàrá wò. Onílé tó bá dọ̀tí, á kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un pé kó tún ilé rẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá wí tẹnu rẹ̀ ní kóòtù. Nígbà tiwa, bí wọ́n bá ti rí kakí wa ní ìkòríta, ẹnìkan á ti pariwo, "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" Kí o tó ṣẹ́jú, ìgbálẹ̀ á ti máa dún ní gbogbo agboolé. Lónìí ńkọ́? Wolé-wolé á wọ àdúgbò, onílé á jókòó sórí àga, á ní, "Èló lẹ fẹ́ gbà?" Ẹ wá ní kí inú má bí mi.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Mo ka ìwé girama, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, kánsù gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ó sì máa ń pẹ́. Ẹni tó bá ń wá owó, kó yáa gba ọjà lọ. Ẹni tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Ráájí ni wọ́n ń pè é, ọmọ Kúta. Ó ga, ó tín-ín-rín, sítáàṣì inú ṣòkòtò kakí rẹ̀ le débi pé bí ó bá ń rìn, ẹ ó máa gbọ́ ọ. Ohun èlò mẹ́ta ló ní: kẹ̀kẹ́ kan, tọ́ọ̀ṣì gígùn kan, àti ife funfun kékeré tó fi ń bu omi inú ìkòkò wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi. Kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Bí àwọn obìnrin bá kúnlẹ̀ kí i, á dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà á tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mú mi lọ sí ilé kan nítòsí ọjà Odò Ọ̀rì. Ó ní kí n wọ yàrá kan, kí n wá sọ ohun tí mo bá rí. Mo wọlé, mo jáde.

"Ọ̀gá, ó mọ́. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"O wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Rárá, sà."

"O sún àpótí kúrò lára ògiri?"

Mo mi orí pé rárá.

"Sìdíkátù, àlejò ló wọ yàrá yẹn, kì í ṣe wolé-wolé. Padà síbẹ̀."

Mo padà. Mo na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa àpò àkísà kan jáde. Bí mo ṣe tú ẹnu rẹ̀ ni mo rí ọmọ eku méje tàbí mẹ́jọ, pupa fòò, tí wọn ò tíì lajú. Mo ké, mo sá jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Obìnrin onílé pàápàá sá tẹ̀lé mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ló ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn lójoojúmọ́, kò sì mọ̀.

Ọ̀gá Ráájí ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ilẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí, onílé fúnra rẹ̀ á gbá a. Iṣẹ́ tiwa ni ibi tí ojú kì í dé."

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló fi iṣẹ́ náà sí mi lára. Ó ní kí n tọ́ka ilé tí a ó yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Mo mú un lọ sí àdúgbò kan, òun yà sí Mọ́léte, ó gba ilé ìyá mi lọ tààrà. Epo pupa ni ìyá mi ń tà. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀gá ọmọ òun ń bọ̀ níjọ́ kan, ó ti gún iyán dè é nínú ọkàn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá wa. Ẹ jókòó, ẹ jẹun." Ọ̀gá dúpẹ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Gálọ́ọ̀nù epo tó ti ṣófo ló wà níbẹ̀, ó tó ogún, òjò ti rọ̀ sínú wọn. Ó bu omi inú ọ̀kan, ó gbé ife náà sí mi lójú. Tanwíji ń jó níbẹ̀ bí ẹni ń ṣayẹyẹ.

Ó fún mi ní ìwé àti kálámù. "Kọ orúkọ onílé."

"Ọ̀gá, ìyá mi ni."

"Ẹ̀fọn ò mọ̀ pé ìyá rẹ ni. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ìyá mi gba ìwé náà, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ àjèjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, kò sí gálọ́ọ̀nù kankan lẹ́yìnkùlé mọ́, àwọn àbúrò mi tí ibà kì í fi sílẹ̀ sì lo ọdún yẹn láìdùbúlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun lè kọ orúkọ ìyá òun. Bí kò bá lè kọ ọ́, kó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀gá Ráájí ló kọ́ mi pé ilé títọ́jú ní àsìkò tirẹ̀ bí oko. Ó máa ń bínú sí àwọn tó máa ń fọ kọ́tìnì bí ọyẹ́ bá ti dé. Ó ní ìtànjẹ ara ẹni ni: eruku ọ̀la ń bọ̀ wá bà á jẹ́. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, àkísà tútù ni kí o fi nu nǹkan, má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá eruku sókè kí ọmọ rẹ máa fà á símú. Bo omi mímu. Gbé ẹní àti mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn, fi igi lù ú, yí i padà, nítorí ìdun kì í fẹ́ràn oòrùn. Ìgbà tí ọyẹ́ bá ń lọ ni kí o wá fọ aṣọ fèrèsé. Ìgbà náà náà ni kí o kó gbogbo ẹrù síta, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ní, "Ẹrù tó bá ti jáde, kó sọ ìdí tó fi yẹ kó padà wọlé. Èyí tí o kò bá fọwọ́ kàn láti ọyẹ́ dé ọyẹ́, kì í ṣe ẹrù mọ́, ilé eku ni."

Kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, gun òkè lọ wo páànù, kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà, kí o sì sún gbogbo àpótí kúrò lára ògiri. Ìgbọ̀nwọ́ kan ni òfin rẹ̀: ibi tí apá rẹ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka bá gùn tó ni kó wà láàárín ẹrù àti ògiri, kí ìgbálẹ̀ lè kọjá, kí ojú náà lè kọjá. Bí òjò bá wá dé, omi tó dúró ni kí o máa lé kiri: inú táyà, inú agolo, abẹ́ ìkòkò. Bí Ààwẹ̀ bá sún mọ́lé, ilé ìdáná ló kàn. Tú gbogbo àpò ẹ̀wà àti èlùbọ́, kí o má baà fi kòkòrò ṣe sààrì.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo kọ́ ọ, mo fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí Ọ̀gá Ráájí fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò fi ní àwíjàre.

Ọkọ mi, Bàbá Ràṣídá, tíṣà ni. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, Ìyá Aláṣọ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára ló ń gbé, ní Ìsàlẹ̀ Ọba. Obìnrin dáadáa ni. Nígbà tí mo bí Ràṣídá, òun ló wẹ̀ ẹ́ fún ogójì ọjọ́. Ṣùgbọ́n kì í ju nǹkan nù. Yàrá rẹ̀ kún dé àjà: àpótí aṣọ tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá, abọ́ alárànbarà tí wọ́n fi sìn ín wálé ọkọ, ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti dípẹtà, ẹní ọkọ rẹ̀ tó ti kú, agolo kẹrosíìnì, àpò lórí àpò. Ọ̀nà tóóró kan ló ṣẹ́kù láti ẹnu ọ̀nà dé bẹ́ẹ̀dì. A kì í rí ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù rárá.

Lọ́dún kan, nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ, mo lọ kí wọn. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ipa ọ̀nà ikán lára igi àjà, ó gùn, ó nípọn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn àwọn àpótí. Mo tẹ̀ síbẹ̀, mo na ọwọ́ sẹ́yìn ẹrù. Ògiri náà tutù, ó rọ̀. Bí mo ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka náà wọnú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kó ẹrù yìí síta kí òjò tó dé. Ikán àti omi ti jẹ ògiri yìí lẹ́yìn."

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyàwó mi, ẹrù mi ń yọ ọ́ lẹ́nu? Àbí o fẹ́ kí n tètè kú kí o lè rí i kó dànù?"

"Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ó dáa, bí mo bá kú, kó o. Ní báyìí ná, jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé mo máa kọ ìwé ìkìlọ̀, pé bí wọ́n bá rí ìwé ìjọba, wọn á gbà. Ó gbé kálámù tó fi ń máàkì ìwé ọmọ iléèwé kalẹ̀.

"Ìyá Ràṣídá, ìwọ lo máa kọ ìwé kóòtù fún ìyá mi? Kí gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọba máa sọ pé ìyàwó mi gbé ìyá mi lọ sí kánsù? Bí o bá kọ ọ́, má padà wá sínú ilé yìí."

Mi ò kọ ọ́. Mo ní mo ń wo ojú àna. Mo ní mo ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo kọ ìwé fún ilé mẹ́sàn-án ní Òkè-Adán, mo sì bá wọn jà fún ohun tí kò tó ìdajì èyí tí mo rí nínú yàrá Ìyá Aláṣọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan léra wọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo wà lọ́fíìsì nígbà tí ọmọ ìyá ọkọ mi sáré dé, ẹrẹ̀ ti bò ó dé orúnkún. Ó ń nawọ́ sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ọba.

Aṣọ kan ni Ìyá Aláṣọ fẹ́ mú fún oníbàárà. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni àpótí òkè rìn, tó lọ kọ lu ògiri, ògiri náà sì dà lulẹ̀ tòun ti ẹrù tòun ti igi àjà. Àwọn ọkùnrin agboolé fi ọwọ́ lásán kó amọ̀ náà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo kó o pẹ̀lú wọn. Abọ́ alárànbarà ni mò ń rí ṣáá, abọ́ lórí abọ́, mo ń jù wọ́n sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí a tó kan ọwọ́ wọn.

Ẹ̀mí wà lára wọn. Ìbàdí wọn ti fọ́, àyà wọn ń dùn wọ́n. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n lò nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde, kí èmi nìkan dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ṣàdúrà fún mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n ní, "Sìdí, ṣé ìwọ lo kọ ìwé fún Ìyá Elélùbọ́ tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìdúnta?"

"Èmi ni, Màmá."

"O kọ fún ìyá rẹ náà."

"Mo kọ ọ́, Màmá."

Wọ́n mí, ó ni wọ́n lára. "O kọ fún gbogbo Ìwó. Kí ló dé tí o ò kọ tèmi?"

Ọjọ́ kejì ni wọ́n jáde láyé, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo lọ sí Kúta lọ bá Ọ̀gá Ráájí. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n àgbàlá rẹ̀ mọ́ bí àwo. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

"Ṣé o wá kí n sọ fún ọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ?"

Mo fi ìborùn nu ojú.

"Ẹ̀bi rẹ ni. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. O rí ẹnu ògiri, o bo tìrẹ. Dìde nílẹ̀, Sìdíkátù. Ilé tí o kò tíì wọ̀ ṣì pọ̀."

Bínú ni mo bínú sí i nígbà náà. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ le jù. Ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé bó bá ṣe pé ó rẹ̀ mí lẹ́kún ni, ǹ bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọkọ mi náà ò fẹ́ sọ̀rọ̀ náà. A jọ ń gbé, a jọ ń jẹun, ọ̀rọ̀ náà jókòó sáàárín wa. Nígbà tí ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ń lọ, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá gbogbo ẹrù ilé wa níta, bẹ́ẹ̀dì, ìwé, àga, gbogbo rẹ̀. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, ó ń gbá abẹ́ ògiri. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi ni mo dá ọ lẹ́kun. Kì í ṣe ìwọ nìkan." Láti ọjọ́ náà títí tó fi lọ bá Ọlọ́run rẹ̀, òun ló máa ń kó ẹrù síta lọ́dọọdún.

Nǹkan yí padà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Kẹ̀kẹ́ lọ, ọ̀kadà dé. Wọ́n kó ẹ̀rọ tí a ń gbé sẹ́yìn wá, èyí tí a fi ń fín oògùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, títí mo fi rí ohun tí àwọn èèyàn ń fi ṣe: wọ́n á ní ká fín in sórí ìdọ̀tí, ká má kó ìdọ̀tí náà. Àwọn mìíràn á ra oògùn eku lọ́jà, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á gbé e sílẹ̀ níbi tí ọmọ lè dé. Ẹ jọ̀ọ́, irú ọgbọ́n wo nìyẹn? Eku ò fẹ́ oògùn rẹ, ibùgbé ló fẹ́. Kó àpò àkísà yẹn kúrò, á bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹrù náà yí padà. Ẹrù ayé àtijọ́ a máa jẹrà: ẹní, igbá, agbọ̀n, ilẹ̀ á gbà wọ́n. Ti ìsinsìnyí ò lè jẹrà láéláé. Mo wọ yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé jáde ní yunifásítì, mo ka télífíṣọ̀n mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ méjì tó ti kú, páálí gbogbo fóònù tó ti rà rí. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀, ó lè wúlò lọ́jọ́ kan." Ọjọ́ wo? Ọmọ, ọjọ́ náà ò sí nínú kàlẹ́ńdà! Kò sí àyè tí yóò na ẹsẹ̀ sí nínú yàrá tó ń sanwó rẹ̀, eku ló wá di ayálégbé.

Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni àwa fúnra wa. Àwọn kan nínú wa sọ ìwé ìkìlọ̀ di ọ̀nà àtijẹ, wọ́n ń wọ ilé láìwo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bá wọn jà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò borí. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé ìjà ni ẹ̀ ń lọ jà, ẹ sì máa pàdánù èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo rò pé ó tán. Ní òjò tó kọjá yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé kejì sí tèmi. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Hálímà ló ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, yàrá kan àti pálọ̀. Hálímà, ọmọ wọn, kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ọmọ náà ń húkọ́, àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sàn; ó padà sílé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan wá sọ fún wọn pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ìyá bàbá ọmọ náà ń gbé pẹ̀lú wọn nígbà náà, obìnrin jẹ́jẹ́. Òun ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti dá a padà sí Ilé-Ogbó.

Nígbà tí mo gbọ́, mi ò bọ́ ìró ilé. Mo gba ibẹ̀ lọ.

"Ibo ni ọmọ yìí ń sùn?"

Ìyá Hálímà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ibo ló ń sùn?"

Ó ṣí yàrá. Wọ́dúróòbù ńlá, àpótí, páálí dé òkè, fèrèsé ti pamọ́ sẹ́yìn wọn. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà wà ní kọ̀rọ̀, orí rẹ̀ sí ara wọ́dúróòbù.

"Kó ẹrù yẹn kúrò."

"Màmá, ta ló rán yín níṣẹ́? Ẹ ò sí ní kánsù mọ́."

Mo ní, "Òótọ́ ni, mi ò ní ìwé tí mo lè kọ fún ọ. Ẹnu ọ̀nà yìí ni mo wà." Mo fa àga, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó bínú, ó kùn, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọkọ dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí. Mi ò dìde. Nígbà tó rí i pé mo máa kírun níbẹ̀, ó ti wọ́dúróòbù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú láti ìsàlẹ̀ dé àyà, ó hu irun bí ẹ̀yìn burẹ́dì tó ti bu. Balùwẹ̀ aládùúgbò ló wà lódì kejì, omi ti ń yọ́ wọlé ó pẹ́. Òórùn rẹ̀ lé gbogbo wa sẹ́yìn. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń fà símú nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá sùn.

Bàbá Hálímà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi."

A gbé ọmọ lọ sílé mi. A kó gbogbo ẹrù síta, a di imú, a fi bílíìṣì àti àkísà tútù nu ògiri náà, a nù ún lẹ́ẹ̀mejì, a ṣí fèrèsé. Onílé ṣe páìpù. Ẹrù tó padà wọlé kò tó ìdajì. Kí oṣù kan tó pé, Hálímà ń sáré kiri àdúgbò, kò sì húkọ́.

Mo pe ìyá rẹ̀. "Ta ló máa lọ sí Ilé-Ogbó?"

"Màmá, ojú ń tì mí."

"Ó yẹ kó tì ọ́. Wé gèlè rẹ."

Mo bá wọn lọ, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ìyá àgbà náà wà lábẹ́ igi, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sunkún. Èmi dúró lẹ́yìn wọn, inú ń bí mi. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ tí mo fẹ́ kí obìnrin náà sọ sí wọn, bí kò bá sọ ọ́, èmi á bá a sọ ọ́.

Kò sọ ìkankan nínú rẹ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò ní itan rẹ̀.

"Ọmọ náà ń sùn báyìí?"

"Ó ń sùn, Màmá. Ó ń sùn dáadáa."

Ó dìde, ó wọlé lọ kó ẹrù rẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ló gbé jáde.